Ìyá Gbọ́njúbọ́lá àti Ilẹ̀ Sìmẹ́ńtì Ilé Àdúrà

Lọ́dọọdún, tí ìjọ wa ní Lálúpọn bá ń ṣe àjọ̀dún, ẹnì kan á gbé ìwé dání, á máa ka àwọn iṣẹ́ ìyanu tí Ọlọ́run ti ṣe láàárín wa. Tèmi ló ṣìkẹrin nínú ìwé náà. Wọ́n á ní ọmọbìnrin kan wà tí kò lè rìn títí ó fi lé ní ọmọ ọdún méjì àbọ̀. Wọ́n á ní àwọn àgbà ìjọ gba àwẹ̀ ọjọ́ méje, wọ́n fi omi àdúrà wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ dìde, ó rìn. Gbogbo ìjọ á pariwo halelúyà. Èmi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi á jókòó síbẹ̀, inú á máa bí mi.

Èmi ni Mojí. Mi ò sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ ẹni tí Ọlọ́run fi ṣe é kò sí nínú ìwé yẹn. Mo ti bẹ akọ̀wé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi á kọ ọ́. Ẹnu màmá mi, Ọmọ́ṣọlá, ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ ìyókù lẹ́nu obìnrin náà fúnra wọn kí wọ́n tó kú.

Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ wọn. Nílùú tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ pe obìnrin, orúkọ tiwọn náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, torí ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, kò sí èyí tó dúró. Àwọn kan máa ń pè wọ́n ní Ìyá Gbọ́njúbọ́lá tìkà-tẹ̀gbin, bí ẹni tó bí ara rẹ̀, bíi pé wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí ó ń dùn wọ́n. Ìyá náà á ṣáà dáhùn. Wọ́n á ní, "Èmi rè é. Kí lẹ fẹ́?" Gàrí ni wọ́n yan láti kékeré títí èéfín fi ba ojú wọn jẹ́, tí omi ń dà lójú wọn tọ̀sán-tòru. Nígbà tí wọn ò lè jókòó ti iná mọ́, wọ́n ń bá àwọn tó kù bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n tún ń gbálẹ̀ ilé àdúrà wa. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n dúdú, ohùn wọn sì le ju ara wọn lọ.

Ọdún 1963 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn, gàrí Lálúpọn ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya ní àpò-àpò, àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan án kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Tó bá jẹ́ àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà. Àwọn ọmọ á máa yí nínú iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá wọn á máa wò wọ́n láti ibi iná. Àmọ́ tí òjò bá ti dé, gbogbo ìta á di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, gbogbo obìnrin á sá wọ abẹ́ páànù kan ṣoṣo. Ààrò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, agbada gbígbóná mẹ́fà, ọmọ mẹ́wàá sí méjìlá.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á mú ọ̀já àtijọ́, wọ́n á so ìdí kan mọ́ ọmọ níbàdí, wọ́n á so ìdí kejì mọ́ òpó. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Bí ọmọ bá ti ń rákò, ó ti di ẹni òpó nìyẹn. Ọmọ lè jókòó, ó lè sùn, ó lè yí òpó po títí ọ̀já á fi tán. Kò sí pé ó ń rìn lọ síbì kankan. Màmá mi bẹ̀rù iná ju gbogbo wọn lọ, torí wọ́n dúró fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó rí mi bí. Bí mi ò bá sí lẹ́yìn wọn, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, mo wà lára òpó. Òjò ọdún méjì ni mo fi jókòó síbẹ̀.

Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí lẹ́sẹ̀. Bàbá bàbá mi, Bàbá Hezekiah, ni olórí ìjọ wa. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n. Ọmọ-ọmọ àgbà Aládùúrà, ẹni tí àwọn ará Ìjàyè àti Ìrókò ń gbé aláìsàn wá bá, kò lè dìde dúró. Wọ́n kéde àwẹ̀ ọjọ́ méje. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ kẹjọ pé, mo ṣì jókòó. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló di ẹsẹ̀ mi mú, pé arọ ni ọmọ yìí. Ìdílé bá pinnu pé tí àjọ ìkórè bá ti kọjá, wọ́n á gbé mi lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ẹbí wa, kí màmá mi lè ráyè bí òmíràn. Bàbá mi, Ọláníran, kò rí nǹkan kan sọ níwájú bàbá wọn. Màmá mi sunkún, wọ́n sì padà sídìí agbada.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni ọ̀já Ṣítù tú. Ọmọ Hàjàrá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gàrí, ni Ṣítù, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Ó rákò, ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ẹyín-iná. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ló sáré gbé e, àwọn ló da omi sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí igbe ọmọ náà rọlẹ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀já lára àwọn òpó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Hàjàrá ní, "Ìyá, ẹ rọra. Kí wá ni ká ṣe sí wọn?"

"Mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ ewúrẹ́ lèèyàn ń so, èyí tí mo mọ̀ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo gbá wọn nípàá láyà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣubú. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ìbínú. "Ọmọ́ṣọlá, ẹsẹ̀ tó gbá mi báyìí ni wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ arọ? Ìwọ bá mi wò ó. Ọmọ yìí kò rí ibi rìn sí ni. Èmi á wá ibi tó máa rìn sí, kò sì ní í lọ sí ẹ̀yìn Ìrókò kankan!"

Yàrá tiwọn kò gba nǹkan kan, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, òjò sì ń jò ó. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Ọládòṣù, ẹni tó ń ra kòkó. Ilé ìkó-kòkó rẹ̀ tóbi, ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, àsìkò sì nìyẹn tí kò sí kòkó nínú rẹ̀. Ọládòṣù ní kòkó tí òórùn ìtọ̀ bá ti bà lé, ẹni tó ń yẹ kòkó wò á dá a padà. Wọ́n ní àwọn á máa fi omi fọ̀ ọ́. Ó ní omi gan-an ló tún burú jù.

Wọ́n lọ sí ilé ìwé. Tíṣà Lazarus ló ń bójú tó o, ọlidé sì ni wọ́n wà, kíláàsì mẹ́fà ṣófo sílẹ̀. Tíṣà ní òfin ìjọba ni pé ọmọ tí kò bá lè gbé ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí kejì kò tíì tó ilé ìwé. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ní àwọn ò wá fi orúkọ ọmọ kankan sílẹ̀, ilẹ̀ lásán ni àwọn ń tọrọ. Tíṣà tún òfin ìjọba sọ. Wọ́n bi í pé, "Òjò tó ń rọ̀ yìí, ṣé ó ti fọwọ́ kan etí tirẹ̀?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ibùdókọ̀ rélùwéè ni wọ́n tún dé. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Wọ́n kó wa jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ kan ààbọ̀ kí ọ̀gá ibẹ̀ tó wá béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa. Òun nìkan ni Ìyá Gbọ́njúbọ́lá kò bá jà, torí bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá níbẹ̀, ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ni wọ́n lọ gbálẹ̀ ilé àdúrà. Wọ́n sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, tí ẹsẹ̀ wọn kan sìmẹ́ńtì, ni ọ̀rọ̀ náà sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà wa. Ẹ̀gún kò lè bá èèyàn wọbẹ̀, àfọ́kù kò lè wọbẹ̀, ẹrẹ̀ kò lè wọbẹ̀. Ilẹ̀ náà ń dán, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń mú un dán. Kò sí iná, kò sí kànga. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Sátidé, yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdé tí a ń ṣe ìsìn, kì í sábà sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ìdí ìró wọn.

Wọn ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ibi mẹ́ta ni àwọn ti tọrọ, ó tó.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń kó wa lọ, ọmọ mọ́kànlá. Wọ́n á fi omi fọ ẹsẹ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tì wá wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Wọ́n to àwọn bẹ́ńṣì ti ara wọn láti ẹ̀yìn dé iwájú, kí ọmọ lè máa fọwọ́ dì í mú lọ. Agolo mílíìkì tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí nìkan ni ohun ìṣeré wa. Ẹni tó bá tọ̀, wọ́n á nù ún. Ẹni tó bá sùn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní. Làmídì, bàbá Ṣítù, gbọ́ pé ọmọ òun wà nínú ilé Aládùúrà, ó bínú dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wo bàtà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń bọ́ bàtà?"

"A ń bọ́ ọ."

"Ẹ ò ní í da omi lé e lórí?"

"Làmídì, ẹsẹ̀ ni mo ń wẹ̀ fún un. Orí rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi."

Ó ní kò burú. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé Ṣítù wá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo jókòó, mo ń sunkún ọ̀já mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń di bẹ́ńṣì mú dìde. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń rọ̀ mọ́ bẹ́ńṣì lọ, mo ń rọ̀ mọ́ ọn bọ̀. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ó dájú kí ẹlẹ́nu kankan tó gbọ́.

Mo ní láti sọ bí inú ilé àdúrà wa ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lápá iwájú, irin kúkúrú kan wà tó dá ilẹ̀ sí méjì, tó ní ẹnu ọ̀nà kékeré láàárín, aṣọ ìkélé funfun sì wà lẹ́yìn irin náà. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni ibi mímọ́. Tábìlì àdúrà wà níbẹ̀, àti ọ̀pá fìtílà méje tí wọ́n fi irin ṣe, tó ga ju àgbàlagbà lọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ nìkan ló ń wọbẹ̀. Obìnrin kankan kò gbọdọ̀ wọbẹ̀, ì báà gbálẹ̀, ì báà gbé òdòdó. Òdòdó tí Ìyá Dorothy, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, ń kó wá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ẹnu irin yẹn ni wọ́n ń fi í sí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Òjò ń rọ̀. Ṣítù ta agolo nípàá, agolo yí lọ, ó gba abẹ́ irin kọjá, ó wọ abẹ́ aṣọ ìkélé. Mo wà ní ìdí bẹ́ńṣì iwájú. Wọ́n ní mo wo agolo yẹn, mo wo ọwọ́ mi tó di bẹ́ńṣì mú, mo sì fi bẹ́ńṣì sílẹ̀. Mo rìn tàgétàgé, ìṣísẹ̀ mẹ́fà, méje, mo gba ẹnu irin tí wọn ò tì, mo gbé aṣọ ìkélé sókè, mo wọlé.

Ìyá Gbọ́njúbọ́lá fi àkísà ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní omi tó ń dà lójú àwọn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti èéfín. Wọ́n sáré dé ẹnu irin, wọ́n sì dúró, torí ogún ọdún ni wọ́n fi ń gbálẹ̀ dé ibẹ̀ tí wọ́n ń dúró. Wọ́n pè mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí irin ń mì lẹ́yìn aṣọ. Mo ti di ọ̀pá fìtílà mú, mo fẹ́ fà á.

Wọ́n wọlé. Ọ̀pá náà ń wó bọ̀ lé mi lórí, èjìká ni wọ́n fi gbà á, àpá rẹ̀ wà lára wọn títí wọ́n fi wọ ilẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe gbé mi jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, tí mo kó ojú mọ́ wọn láyà, ni wọ́n rí Ìyá Dorothy lẹ́nu ilẹ̀kùn, òdòdó lọ́wọ́, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ìyá Dorothy ti rí gbogbo rẹ̀. Òdòdó ni wọ́n jù sílẹ̀, wọ́n yí padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìránṣẹ́ dé pé kí Gbọ́njúbọ́lá wá jẹ́jọ́ níwájú àwọn àgbà ní ọ̀sán Sátidé. Wọ́n lọ bá màmá mi nínú àtíbàbà. Wọ́n gbé mi kalẹ̀ sórí ẹní, mo rìn lọ bá màmá mi. Màmá mi fẹ́ ké, wọ́n fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu.

"Dákẹ́. Má sọ fún ọkọ rẹ, má sọ fún bàbá ọkọ rẹ. Àwọn ló ní arọ ni. Ẹnu wọn náà ni wọ́n máa fi gbé e kúrò."

Lọ́jọ́ Sátidé, àgbà méje jókòó, akọ̀wé ṣí ìwé. Bàbá Hezekiah ni alága. Màmá mi dúró síta pẹ̀lú èmi lẹ́yìn wọn.

Bàbá Hezekiah ní, "Gbọ́njúbọ́lá, ṣé òótọ́ ni pé o wọ ibi mímọ́?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Mo wọ ibẹ̀."

"Obìnrin!" Àgbà kan lu tábìlì. "O kó ọmọ wá tọ̀ sílé Ọlọ́run, o tún fi ẹsẹ̀ rẹ ba ibi mímọ́ jẹ́!"

"Ìtọ̀ ọmọ, mo ń nù ún, Bàbá. Eruku ẹ̀yìn aṣọ ìkélé yín ńkọ́? Mo fi ọwọ́ kàn án, ó nípọn. Eku ti bímọ sábẹ́ tábìlì àdúrà. Ẹ ní àwa obìnrin ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń débẹ̀, ta ló gbálẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Bàbá Hezekiah wúkọ́. "Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo lọ mú ọmọ."

"Ta ló gbé ọmọ débẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹ bi Ìyá Dorothy."

Ìyá Dorothy dìde. "Mi ò ní í parọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, mi ò mọ ọmọ ta ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ní. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kà á."

Akọ̀wé wo Bàbá Hezekiah, wọ́n sì mi orí sí i. Ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè: "Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibi mímọ́."

"Bàbá, ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ nìyẹn. A gbà bẹ́ẹ̀."

Ìyá Gbọ́njúbọ́lá yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ́ṣọlá! Sọ ọ́ kalẹ̀!"

Màmá mi sọ mí kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Mo mọ ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ mi ni. Wọ́n ní mi ò wo àgbà kankan, mo gba àárín àwọn bẹ́ńṣì, mo lọ di ìró Ìyá Gbọ́njúbọ́lá mú.

Bàbá Hezekiah bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún. Wọ́n ní, "Mojí?"

Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ní, "Mojí ni. Ọmọ tí ẹ fẹ́ gbé lọ sí ẹ̀yìn Ìrókò. Ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó rìn, ẹ ò lè pa á rẹ́ mọ́. Ó yá, ẹ fún mi ní ìyà tèmi."

Wọ́n fún wọn. Bàbá Hezekiah ní òfin ni òfin: oṣù mẹ́ta láìwọ sùtánà funfun, lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá tú kọ́kọ́rọ́ ní ìdí ìró, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní kí ẹni tó máa gbálẹ̀ wá mú un. Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Bàbá Hezekiah fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ náà padà sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ Ìrókò ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Ajé, a tún wà lórí sìmẹ́ńtì, gbogbo wa mọ́kànlá.

Oṣù mẹ́ta pé. Wọ́n dá sùtánà padà fún Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ níwájú. Wọ́n wọ sùtánà, àmọ́ wọn ò lọ síwájú. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn náà ni àwọn wà. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìwé ìgbẹ́jọ́ yẹn ṣì wà nínú àpótí ìjọ. Mo ti fi ojú mi rí i. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n kà dé orí kẹrin, ẹni tó ń kàwé na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n rìn wá síwájú kí gbogbo èèyàn lè rí iṣẹ́ ìyanu. Mo dìde. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo rìn gba àárín àwọn bẹ́ńṣì títí mo fi dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, mo sì jókòó síbẹ̀.